Ohun Tí Ó Wà Nínú Tìmùtìmù

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín iṣẹ́ rírán tìmùtìmù àga. Ẹ̀gbàwá Bukhari àti ti Muslim fi hàn pé aṣọ ìkélé alàwòrán kan wà ní ilé Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a), tí inú rẹ̀ kò dùn sí. Àíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́, kò sọ aṣọ náà nù. Ó gé e, ó sì fi ṣe ìrọ̀rí. Ibùsùn Ànábì fúnra rẹ̀, awọ ni. Fọ́nrán igi dàbínù ni wọ́n kì sí i nínú.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáikò, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọjà Alábà wà nítòsí, bí àwọn kan ti ń kó wọlé ni àwọn mìíràn ń kó jáde, àga àlòkù sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Igi àga lè le koko síbẹ̀, kí tìmùtìmù rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti àlùmọ́gàjí lè rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n. Wọn a máa gé fóòmù tóbi ju àpò aṣọ lọ díẹ̀, bí ààbọ̀ ínǹṣì, kí ó lè kún dáadáa. Ẹ̀yìn ni sípù ń wà, kí onílé lè bọ́ aṣọ fọ̀. Ti àga ìta tún yàtọ̀: oòrùn a máa sọ fóòmù di lẹ́búlẹ́bú, òjò a sì máa jẹ́ kí òwú lásán rà. Okùn ọ̀rá ni ó yẹ ibẹ̀, àti aṣọ tí omi kì í tètè wọ̀.

Ṣùgbọ́n inú àpò náà ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí oníbàárà kò rí i. Àwọn kan a máa fi fóòmù tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú, wọn a kó àkísà sí àárín, wọn a sì gba owó ojúlówó. Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Àlòkù fóòmù kì í ṣe èèwọ̀ o, bí oníbàárà bá mọ̀ tí owó rẹ̀ sì dínkù.

Ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún pé kí ó kó àkísà sí i ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Òbí ti san owó, ọ̀gá ni yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kí ó bá ọ̀gá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kì í ṣe níṣojú oníbàárà. Bí ọ̀gá kò bá gbà, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, kí ọwọ́ tirẹ̀ má sí níbẹ̀. Ó lè pàdánù ojúure ọ̀gá, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Àwọn àgbà ìjọ ni ó yẹ kí wọ́n bá a lọ bẹ ọ̀gá, dípò kí wọ́n kàn máa wàásù fún un.

Lọ́jọ́ tí ó bá sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó ṣí sípù tìmùtìmù sílẹ̀ títí oníbàárà yóò fi dé, kí ẹni náà ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ó tó sanwó.