Gẹ̀ẹ́sì Wa àti Ìdánwò IELTS

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń múra àtilọ sí òkè òkun, nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ ó rántí pé nígbà tiwa, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, ẹgba tàbí owó ìtanràn ni. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ ìṣirò, òun la fi ṣe WAEC. Ẹni kan náà bá wá ń lọ sí Ìlú Ọba, wọn a ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì! Ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ wa kan, tí Ebenezar Wikina ṣáájú wọn, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Èsì ìjọba ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè àkọ́kọ́ fún ohun tó ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ. Jàmáíkà wà nínú ìwé wọn, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì nájà ní Ọjà'ba?

Kí ẹ tó sanwó, bó bá jẹ́ yunifásítì lọmọ ń lọ, kó kọ̀wé béèrè ná. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ló ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò IELTS. Nọ́ọ̀sì tó bá gba ọ̀nà IELTS ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 7 nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. 9 ló ga jù. Ọdún 2 péré lèsì náà sì ń lò, kí wọ́n má tètè ṣe é jù.

Lójú tèmi, kíkọ ló le jù. Wákàtí 1, iṣẹ́ 2: ọ̀rọ̀ 150, lẹ́yìn náà 250. Èkejì ni máàkì rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ àwọn ọmọ a máa lo àkókò tán sórí àkọ́kọ́. Ní ti sísọ, kò tó ìṣẹ́jú 15. Kí ẹnikẹ́ni má fi imú sọ̀rọ̀ níbẹ̀! Kò sí máàkì fún ṣíṣe bí òyìnbó. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà já gaara kó sì yéni. Àwa ará Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà tí a ń pe "ṣ" ní "s" (mo wà níbẹ̀), ká kàn ṣọ́ra kí "ship" má di "sip".

Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa tó ti fẹ̀yìntì ṣì lágbára. Ẹ jẹ́ ká gba yàrá kan nítòsí Mápó, kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ wọ̀nyí wo àròkọ wọn ní ọ̀sán Sátidé. Bébà àti bíírò dọwọ́ mi. Ta ni yóò san owó yàrá?