Ṣé ìpínrọ̀ kìíní tó láti fi dá ìwé ìfẹ́ lẹ́jọ́?

Bí ẹ bá ń gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Joga-Orílé ni mo wà lónìí, nílé Ìyá Àgbà.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ìwé ìtàn ìfẹ́, ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọdún 1886 ni ìtàn náà wáyé, nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu: ọmọbìnrin kan sá wá sí agbègbè wa níbí, kò sì mọ ibi tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà. Ìpínrọ̀ kìíní nìkan ni mo kà. Orúkọ ọba, orúkọ ìlú, ọdún lórí ọdún, àfi bíi pé mò ń kàwé fún ìdánwò. Mo fèsì pé, "Èyí ò lè tà." Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí, kò gbé ìpè mi mọ́.

Lálẹ́ àná, iná ò sí. Ìyá Àgbà ní kí n ka nǹkan fún àwọn nínú fóònù mi. Ìwé yẹn ni ọwọ́ mi bà. Mo ka ìpínrọ̀ kìíní, wọ́n yán. Mo ka ìkejì: ọmọbìnrin náà tú ẹrù rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó bá fìlà àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láàárín aṣọ. Ìyá Àgbà jókòó dáadáa.

"Dúró ná. Ta ló fi í síbẹ̀?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni. Lọ́dún 1955, Isaac Delano kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó, ó sì gbé ìtàn bí òyìnbó ṣe dé sẹ́nu obìnrin. Ẹnu èèyàn ni ayé àtijọ́ fi ń wọlé sí wa létí.

Ohun tí mo wá ń wò báyìí ò ju mẹ́ta lọ: ta ló ń sọ̀rọ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló lè pàdánù? Bí ìpínrọ̀ kìíní ò bá dáhùn, mo máa ka ojú ìwé mẹ́ta kí n tó fẹnu sí i. Ẹni tó ń kọ ìtàn àtijọ́ máa ń bẹ̀rù pé a ó ṣìnà, ló fi ń kó gbogbo ọdún àti ogun síwájú. Ìbẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe pé kò mọ ìwé kọ.

Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Mi ò sọ pé ìpínrọ̀ yẹn dára o, nítorí kò dára. Mo ní kó máa bínú pé ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo fi bú ilé. Ó ti gbọ́ ọ, kò tíì fèsì.

Fóònù mi kú kí a tó kà á tán. Ìyá Àgbà ṣì ń bi mí ta ló fi fìlà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo lẹ jù sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ kìíní, tí ẹ tún padà sí? Ẹ kọ ọ́ sí wa. Ó dìgbà o.