Orín Ata àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Tẹ̀ Bí Dòjé

Mo rí i pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yín ṣì ní orín lẹ́nu. Ẹ má jù ú nù. Ọ̀rọ̀ orín náà gan-an ni mo bá wá.

Orín ata ni mo ń wí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó máa ń ta ni lẹ́nu bí orúkọ rẹ̀, tí ẹnu yóò fi kú díẹ̀. Àwọn bàbá wa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ fọ eyín, wọ́n sì ń fi ṣe àgbo. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin. Bí òjò bá pa á lónìí, kò ní wá lọ́la. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, òun a jókòó. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà lójú gbogbo kíláàsì. Ní ọjọ́ kejì ìyá rẹ̀ wá, kò bá mi jà rárá. Ó ní, "Ọ̀gá, eegun ni ó ń ro ó. Ó ké mọ́jú ni." Àwọn ará ilé ti sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n ní àbíkú ni, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti kú. Kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni.

Báwo ni àrùn yìí ti rí? Bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fi àwọn ohun tíńtìntín kọ́ ara wa. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni alárù tí ó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Ó rí róbótó, ó sì rọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ní ara ẹni tí ó ní àrùn yìí, bí sẹ́ẹ̀lì bá sọ ẹrù atẹ́gùn rẹ̀ kalẹ̀, ó lè tẹ̀ bí dòjé, kí ó sì le. Wọn a wá há mọ́ ara wọn, bí igi tí omi gbé há sábẹ́ afárá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè kọjá ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó dára ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Irú èyí kì í sábà lò ju 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó lára ọmọ náà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, pé wọ́n ń wò bóyá omi orín wa lè pa kòkòrò tí ojú kò rí. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú àwo tí wọ́n fi ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ inú àwo a máa ṣú bí ó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí omi gbòǹgbò orín ata kàn, pípọ́n ni ó ń pọ́n! Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs, ẹnì kejì rẹ̀, bá dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀. Ní 1971 wọ́n tẹ ìwé jáde pé omi náà mú kí sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ padà di róbótó.

Mo ka ìròyìn náà nínú ìwé kan. Inú mi dùn. Mo ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà, mo ní kí ó máa se orín ata fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé ló sọ̀rọ̀, ta ni yóò jiyàn? Ó ṣíwọ́ lílọ sí ọsibítù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ara ọmọ gbóná. Wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n kò tíì gbé e dé ọsibítù tí ó fi kú.

Ohun tí n kò rò nìyí. Inú ìgò ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ti nà. Nínú ìgò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, omi orín sì kàn án tààrà. Àgbo tí a bá mu ní láti gba inú ikùn kọjá, kí ó tún kan ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ sì dà bí oníbodè: ó ń tú ẹrù wò, ó ń fọ́ òmíràn, ó ń lé òmíràn jáde. Èló ni yóò kù tí yóò dé inú ẹ̀jẹ̀? Ìkòkò tàná lè le ju tòní lọ. Bí ó bá sì le jù, kíndìnrín ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

N kò bú àgbo o. Bàbá bàbá mi já ewé. Ẹni-ọ̀wọ̀ kan wà, Ogunyale, tí ó ní àgbo ìdílé fún àrùn yìí: ìyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà. Kò fi pamọ́. Ó gbé e fún ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2001, ìrora àwọn tí ó lò ó dín kù. Wọ́n gbé e jáde fún títà ní 2006, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é wọ gbèsè ní 2008. Èyí dùn mí gan-an ni.

Nítorí náà, bí ara ọmọ tí ó ní SS bá gbóná, ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ti fún un ní àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbéyàwó, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ẹ má sọ pé "àkọ́kọ́ ti jẹ́ SS, ó ti tán." Oyún kì í ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá kan níbí bi mí lánàá pé, "Tíṣà, ṣé kí n wá sọ orín ata nù ni?" Rárá, ìyá. Ẹ máa fi fọ eyín yín bí ẹ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ ń wú, ẹ gbé e jáde lọ́la, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èmi yóò bá yín lọ.