Ọkàn Ọmọ Ìbàràpá: Ohun tí Ìwé Sọ nípa Wa
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká jọ ṣe ti ogún ọdún.

Àdúrà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹ wo àwòrán àkọ́kọ́ tí a jọ yà, ó wà nínú ìwé yìí. Ẹ ó rí àwọn ojú tí kò sí láàárín wa mọ́. Ọ̀kan jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí. Òmíràn ṣubú nílé ìwẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ nílé òkú nígbà náà ni "ayé ni", "wọ́n rán an sí i ni". Báǹkì ni àwa ń bá ṣiṣẹ́, a kì í ṣe dókítà, a kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní báǹkì, bí owó bá dín, ìwé la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò kí a tó pe ẹnì kan lólè. Ìwé wà lórí ọ̀rọ̀ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ilẹ̀ wa níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ẹni tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé. Ọmọ Oǹdó ni, wọ́n bí i ní 1933. Ní 1968 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ ọdún márùndínlógójì péré. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ kí irú rẹ̀ tó dé. Ní 1929, dókítà òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà kọ ọ́ pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn dúdú tó wá sí ilé ìwòsàn òun. Látibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àìsàn òyìnbó ni. A ṣì ń gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ yìí títí di òní: "Kò sí i nínú ìran wa."

Akínkúgbé kò jiyàn, ó lọ wọ̀n ọ́n. Ní 1969, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìgbèríko wé ti àwọn ará ìgboro ní Nàìjíríà. Ní 1972 ó kọ odindi ìwé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà. Wọ́n ní kó lọ dá yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975, ó lọ. Wọ́n ní kó lọ ṣe gíwá yunifásítì Ahmadu Bello ní Sàríà, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ mọ bí àwọn àìsàn tí kì í ràn ṣe pọ̀ tó ní Nàìjíríà, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997: 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn lọ. 160 lókè, 95 nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà yẹn o. Lónìí, 140 lókè, 90 nísàlẹ̀ ni àwọn dókítà wa ń lò, nítorí náà àwọn tí wọ́n ì bá kà lónìí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kú ní oṣù kẹfà 2020, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Ibo wá ni Ìbàràpá ti wọ̀ ọ́? Ní 1963, Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Ògúnlẹ́sì, tí òun náà jẹ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn, dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, pẹ̀lú Igbó-Ọrà gẹ́gẹ́ bí ibùdó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó máa ń wá gbé láàárín wa, tí wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé béèrè iye ọmọ tí ìyá wa bí àti irú omi tí à ń mu. Àwa ọmọdé rò pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fún lábẹ́rẹ́ ni, a sì máa ń sá. Bàbá Ògúnlẹ́sì kú ní 2023, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nítorí pé ètò yẹn ti wà nílẹ̀, nígbà tí Richard Cooper àti Charles Rotimi (ọmọ Nàìjíríà ni Rotimi) láti yunifásítì Loyola ní ẹ̀gbẹ́ Chicago fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Ọ̀ṣọ́tìmẹ́hìn, tó padà di mínísítà ìlera wa, wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó lé ní 10,000, ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Kàríbíànù àti Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni gbogbo wọn, oko ẹrú ló pín wọn níyà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1997: 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíànù, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń sanra sí i láti ibì kan dé ìkejì ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru sí i.

Ẹ dúró lórí nọ́ńbà yẹn díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìran ló ń gbà wá, ì bá gba àwọn ọmọ ìyá wa tó wà lọ́hùn-ún náà. Bó bá sì jẹ́ pé ìran ló ń pa wọ́n, àwọn bàbá wa tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ì bá ti kó o kí wọ́n tó bí wa. Oúnjẹ, iyọ̀, ìrìn ẹsẹ̀ àti wàhálà ibi tí ènìyàn ń gbé ló ń ṣe é. Bàbá wa rìn lọ sí oko, ó rìn bọ̀. Àwa wọ mọ́tò láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, a jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, a tún jókòó nínú gosiló. A kò sí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n a ti ń gbé ìgbé ayé wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, títí kan èyí tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ara òpó náà díẹ̀díẹ̀, tó bá pẹ́, kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, á gan mọ́ ọn. Kò ní dun ènìyàn. Ní 1990, dókítà Arthur Agatston àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami gbé ọ̀nà kan jáde láti fi ẹ̀rọ CT ka kálísíọ̀mù yìí bí ẹni ń ka owó. Oódo ni kò sí rárá. Bó bá ti kọjá 400, ó ti pọ̀. Ní 2017 ni ìròyìn kan jáde nípa àwọn Tsimane, àgbẹ̀ àti ọdẹ inú igbó Bòlífíà. Nínú 705 àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba oódo. Nígbà tí a kà á, àwọn bàbá wa ní Ìdèré àti Tápà la rántí. A kò sọ pé ayé wọn dùn o. Àìsàn kòkòrò ń bá àwọn Tsimane fínra, bí sòbìà ṣe bá Ìdèré fínra nígbà kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi èyí tu ara rẹ̀ nínú: ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù inú ọkàn àwọn aláwọ̀ dúdú kéré sí ti òyìnbó, síbẹ̀ rọpárọsẹ̀ ń pa wọ́n ju òyìnbó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò nílò kálísíọ̀mù kó tó pa ènìyàn.

Ẹ̀rọ CT kọjá agbára ẹgbẹ́ wa. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá kò kọjá agbára wa. Ní ìpàdé kan, nígbà tí a dá a lábàá pé kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní a fẹ́ fi ẹnu pe àìsàn wá sínú ẹgbẹ́. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé òun kò ní wo iye tó kù nínú àkáǹtì òun nítorí pé wíwò ló ń mú owó tán.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i, akápò sì ti ra ẹ̀rọ méjì. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ, nọ́ọ̀sì méjì sì wà níbẹ̀, ọmọ Èrúwà lọ̀kan, ọmọ Lànlátẹ̀ lèkejì. Wọn kò ní pariwo nọ́ńbà ẹnikẹ́ni; wọ́n á kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, a ti fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ààrẹ wa ló máa kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba àmàlà.