Owó-orí àti Ìka Ọwọ́: Ẹ̀kọ́ láti Ọjà Eréko

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìbò kò kan òun, ẹ bi í bóyá owó àpò rẹ̀ náà kò kàn án. Ìjọba ni ó ń pinnu iye tí yóò gbà lọ́wọ́ ará ìlú àti ohun tí yóò fi ṣe. Ta ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pinnu?

Àwọn obìnrin ọjà Èkó ti kojú ìbéèrè yìí rí. Ní 1940, ìjọba amúnisìn ṣòfin pé obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún yóò san owó-orí. Bẹ́ẹ̀, ìlànà tí a gbé kalẹ̀ ní 1922 sọ pé kìkì ọkùnrin tí ó ń rí £100 lọ́dún ni ó lè dìbò yan aṣojú mẹ́ta tí Èkó ní nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Obìnrin kò ní ìbò, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà ṣe gan-an nìyẹn.

Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ní oṣù Kejìlá 1940, ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà. Àwọn tí ó lé ní igba ni ó tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà láti £50 sí £200. Òfin náà kò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláte bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1950, ọdún kan kí Pelewura tó di olóògbé, tọkùnrin tobìnrin dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú Èkó.

Ìtàn yìí kò sọ pé owó-orí burú. Láìsí owó, gọ́tà kò lè ṣeé kó, òpópónà kò sì lè ṣeé tún ṣe. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ń sanwó gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Lónìí, Ìwé Òfin 1999 gbé ọjà, ibùdókọ̀, òpópónà àdúgbò àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó pé ọdún 18, tí ó sì ti forúkọ sílẹ̀, lè yan alága àti káńsẹ́lọ̀ tí yóò bójú tó wọn. Bí olùdíje bá wá tọrọ ìbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ bi í: èló ni yóò máa gbà lọ́wọ́ aláte Jàǹkárà? Ṣé yóò fún un ní rìsíìtì? Gọ́tà wo ni owó náà yóò kó kí òjò tó dé? Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kí ẹ fi ìdáhùn wọn wé ara wọn.

Àwọn ìyá wa tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí pé kò sí ìwé ìdìbò fún wọn. Ó wà fún yín. Ẹ mú káàdì ìdìbò yín jáde lọ́jọ́ ìbò, kí ẹ sì tẹ̀ka.