Ìbéèrè Márùn-ún Nípa Ilé

Ẹ̀yin ará mi, bí dókítà bá bi yín pé, "Ṣé àlàáfíà ni ilé wà?" mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín yóò wí. "A dúpẹ́" ni. Bí ilé tilẹ̀ ń jó, "a dúpẹ́" náà ni. N kò pè é ní irọ́. Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà kan kò fi rọlẹ̀, kí ni yóò fi "a dúpẹ́" ṣe? Ó lè jẹ́ pé oògùn kò bá wọn lára mu. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń rà á fún wọn.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Gabriel Smilkstein, ṣe gbé ìbéèrè kékeré márùn-ún jáde ní ọdún 1978. Family APGAR ni ó pè é. Ó yá orúkọ náà lára ti Virginia Apgar, dókítà obìnrin tí ó fi han àwọn agbẹ̀bí, ní ọdún 1953, bí a ti í fi máàkì yẹ ọmọ tuntun wò: èémí rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, àwọ̀ ara rẹ̀, títí dé ohun márùn-ún. Bí a ti ń yẹ ọmọ tuntun wò ni Smilkstein fẹ́ kí a máa yẹ ilé wò.

Ìkíní bèèrè bóyá ó tẹ́ yín lọ́rùn pé ẹ lè sá tọ àwọn ará ilé yín lọ nígbà tí nǹkan bá ń dà yín láàmú. Ìkejì bèèrè nípa bí wọ́n ti ń bá yín jíròrò, tí wọ́n sì ń bá yín pín nínú ìṣòro. Ìkẹta, bóyá wọ́n ń tì yín lẹ́yìn bí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tuntun. Ìkẹrin, bí wọ́n ti ń fi ìfẹ́ hàn, àti bí wọ́n ti ń ṣe sí yín nígbà ìbínú tàbí ìbànújẹ́. Ìkárùn-ún, bí ẹ ti jọ ń lo àkókò pọ̀. Ẹni tí ó bá ní ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ nígbà gbogbo gba 2, nígbà mìíràn gba 1, ẹni tí ó ní ó ṣọ̀wọ́n gba òdo. Láti 7 dé 10, ilé dára. 4 sí 6, ó ń jò níbì kan. 3 sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le.

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín sí ìkẹrin. Wọn yóò ní ọkọ Yorùbá wo ni ó ń wí fún aya rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀? Òótọ́ ni, ẹnu wa kò yá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì ní òwúrọ̀, kí ni ó ń ṣe? Baba tí ó ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo fún àbíkẹ́yìn, kí ni ó ń ṣe? Ìbéèrè náà kò bìkítà nípa ọ̀nà. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó dé ọkàn ẹni tí a ṣe é fún.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í lò. Máàkì náà kì í ṣe ti ilé. Ti ẹni tí ó dáhùn ni. Baba lè gba 10, kí ìyá gba 6, kí ọmọ gba 3, lábẹ́ òrùlé kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́. Baba yóò fẹ́ kí a kọ 10 tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Dókítà tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ewu mìíràn tún wà. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, ta ni yóò ka ìbéèrè fún wọn? Ọmọ tí ó mú wọn wá ni. Ẹ wo ìyá lórí àga, ẹ wo ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí ó ń bèèrè bóyá òun ń ṣe dáadáa! Máàkì 10 kò ní ṣàìjáde. Nọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ó kà á, ní èdè tí ìyá ń sọ, ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n pé ilé wo ni wọ́n ń sọ, nítorí àwọn tí à ń bá gbé ni ìwé náà ń pè ní ará ilé. Bí ènìyàn bá ń dá gbé, àwọn tí ó sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù ni.

Bí máàkì bá kéré, kì í ṣe ẹjọ́ ni a dá fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè márùn-ún kò lè sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń sọ fún dókítà pé kí ó fa àga súnmọ́ tòsí, kí ó tún bèèrè sí i ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń mú ìyá yín lọ sí ọsibítù, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ dúró síta díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọn yóò pè yín wọlé.