Èéfín Tí Kò Mọ Ààlà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ ogun átọ́míìkì gan-an nìyí.

Ní 1982, Paul Crutzen àti John Birks kọ̀wé pé èéfín ìlú àti igbó tí irú ogun bẹ́ẹ̀ bá dáná sun lè bo ojú oòrùn. Ní 1983, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ṣírò ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Vladimir Aleksandrov náà ṣírò tirẹ̀ ní Mọ́sìkò. Ìjọba méjèèjì ń bá ara wọn ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn fẹnu kò: òkùnkùn àti òtútù ni.

Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí à ń pè ní SCOPE wá kó nǹkan bí 300 onímọ̀ jọ láti nǹkan bí 30 orílẹ̀-èdè. Ìwé wọn jáde ní 1985. Wọ́n ní ìyàn lè pa ènìyàn ju èyí tí àdó olóró fúnra rẹ̀ yóò pa lọ, àní ní ilẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí oòrùn bá ṣíji, tí òjò sì wọ́n, kí ni àgbàdo yóò fi gbó? Ní 2022, àwọn onímọ̀ mìíràn tún un ṣírò: ogun láàrin Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà lè fi ebi pa ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 5 ènìyàn.

A kò ní àdó olóró, ṣùgbọ́n a ní ẹnu. Ẹ jẹ́ kí a fi kìlọ̀.